Ìbéèrè ni mo fi ń dá ògbóǹtarìgì mọ̀

Ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn máa ń ta oògùn ní páálí-páálí fún àwọn oníkẹ́míìsì, àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń pàtẹ ní Agbẹni. Èmi ni wọ́n fi sídìí ọjà àti ìwé owó, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi náà ni mò ń wá àwọn developer, ìyẹn àwọn tó ń kọ áàpù, láti tún tiwa ṣe. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lẹ́nu ẹ̀, ọ̀kan wà tí mi ò lè fi ṣeré: tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ògbóǹtarìgì lẹni tó jókòó síwájú yín, ẹ gbé ohun tó mọ̀ ọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kẹ́ ẹ fetí sí ohun tó ń béèrè.

Orí wẹ́ẹ̀bù ni áàpù náà wà. Ọdún 2012 ni wọ́n kọ ọ́, PHP 5 ni èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, MySQL sì ni ibi ìpamọ́ dátà rẹ̀. Òun ló ń mú ínfọ́ìsì jáde, òun ló mọ iye páálí tó wà ní sítọ́ọ̀, òun ló mọ ẹni tó jẹ wá lówó. Òun náà ló mọ ọjọ́ tí oògùn kọ̀ọ̀kan yóò kọjá lílò àti nọ́ńbà bátìsì rẹ̀, ìyẹn ọ̀wọ́ tí wọ́n jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí NAFDAC bá ní kí wọ́n kó bátìsì kan kúrò lọ́jà, a gbọ́dọ̀ lè dárúkọ gbogbo ẹni tí a tà á fún. Ó ti sin ilé-iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn, inú mi kì í sì í dùn bí àwọn tó wá wò ó bá ń pè é ní pàǹtí. Àmọ́ ayé ti lọ síwájú lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe PHP ṣíwọ́ àtúnṣe ẹ̀yà 5.6 ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2018. Láti ọjọ́ náà, ihò yòówù tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí gbà wọlé, wọn ò ní dí i mọ́. Kò sì ṣeé ṣe láti kàn gbé áàpù náà sórí PHP tuntun, nítorí àwọn àṣẹ mysql_ tó fi ń bá ibi ìpamọ́ dátà sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti yọ kúrò pátápátá nínú PHP 7.0 tó jáde lóṣù Kejìlá ọdún 2015. Nígbà tí àwọn tí à ń sanwó server fún, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù náà wà lórí rẹ̀, kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yọ 5.6 kúrò, ọ̀gá wa ní kí n lọ wá èèyàn.

Kí n tó dé ipò yìí, ẹnì kan ti fọwọ́ kan kóòdù náà rí, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n fi kọ áàpù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ gbé owó orí ọjà, VAT, láti 5% lọ sí 7.5%. Wọn kì í gba VAT lórí oògùn nígbà náà, àmọ́ à ń ta ọṣẹ àti ìpara mọ́ oògùn, ó sì kan ìyẹn. Developer tí wọ́n pè wá 0.05 káàkiri inú kóòdù, ó sọ gbogbo rẹ̀ di 0.075 lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ̀ pé 0.05 kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe VAT: ẹ̀dínwó oníbàárà tó bá sanwó lójú ẹsẹ̀ ni. Bí ẹ̀dínwó ṣe ga nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ, ó sì pẹ́ kí akáúńtáǹtì tó rí i, torí oníbàárà kankan kò ní wá fẹjọ́ sùn pé owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun ti kéré jù. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn mọ PHP dáadáa o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kò béèrè: kí ni 0.05 yìí ń ṣe níbí?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn, ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ni gbogbo wọn kọ sókè nínú ìwé wọn. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ jọ mí lójú mọ́. Mo ti rí ẹni tó lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ tí kò dúró ti áàpù kankan kọjá ọdún kan. Á kọ ọ́ tán, á lọ síbòmíì, ẹlòmíì ni yóò máa jìyà ohun tó fi sílẹ̀. Ìbéèrè tí mo wá fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí ni pé, áàpù wo lẹ ti bá gbé pẹ́ jù, kí sì lẹ rí níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi dá a sílẹ̀? Ẹni tó bá ti jìyà kóòdù ara ẹ̀ rí máa ń ní ìtàn láti sọ, ojú ẹ̀ á sì yí padà bó bá ń sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ PHP 5, kò tíì rí kóòdù, kò tíì béèrè ohun tí à ń tà, ó ní ká dà á nù ká kọ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá ka orúkọ irinṣẹ́ ìgbàlódé sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sì jẹ́ kó máa lọ. Netscape, tó ń ṣe áàpù tí èèyàn fi ń wo wẹ́ẹ̀bù, ṣe irú ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pa kóòdù àtijọ́ tì, wọ́n ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ̀yà 5 kò jáde rárá, ìparí ọdún 2000 ni ẹ̀yà 6 tó jáde, Internet Explorer ti Microsoft ti gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́ kó tó dìgbà náà. Bí ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó yẹn kò bá mórí bọ́, ta ni àwa tí à ń ta páràsítámọ́ọ̀lù n'Íbàdàn?

Ẹni tí a padà gbà kò sọ ohun tó máa kọ rárá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń lo áàpù yìí jù?" Mo ní kásíyà wa ni. Ó gbé àga, ó lọ jókòó ti kásíyà, ó ń wo bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó padà dé, ó bi mí pé ìgbà wo la dá backup, ẹ̀dà dátà tí à ń pa mọ́, padà kẹ́yìn, tí a sì rí i pé ó ṣiṣẹ́. Gbogbo alẹ́ ni backup ń lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá a padà rí. Ó wá béèrè ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè rí nínú àwọn tó wá ṣáájú ẹ̀: "Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ lọ́sàn-án gangan, tí èrò sì wà nílẹ̀, báwo lẹ ṣe ń tajà?"

À ń dúró ni. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo rò pé yóò ní ká kọ ẹ̀yà áàpù kan tó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì bù lé owó iṣẹ́. Ohun tó ní ká ṣe ni pé ká lọ tẹ ìwé ínfọ́ìsì sílẹ̀ ní ibi ìtẹ̀wé, kí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí áàpù kì í lò, kí òun sì ṣe ojú ewé kékeré kan níbi tí a ó ti kọ wọ́n wọlé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà dé. Owó pọ́ọ́kú ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bíi WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìwé yẹn la fi tajà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá wa kì í ti í bi mí mọ́ pé kí ló dé tí owó ọmọ yẹn fi pọ̀.

Àmọ́ n ò gbà á nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. A máa ń fún ẹni tó bá kù sẹ́yìn lẹ́yìn tí a ti yọ àwọn yòókù ní iṣẹ́ kékeré kan lára iṣẹ́ wa gan-an, a ó sì sanwó ẹ̀, yálà a gbà á tàbí a ò gbà á. Mi ò rí ìdí tí àgbà oníṣẹ́ yóò fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún wa. Ẹ̀dà kóòdù la fún wọn, pẹ̀lú dátà tí a ti yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà kúrò nínú ẹ̀. Òfin ààbò dátà tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní Nàìjíríà lóṣù Kẹfà ọdún 2023 kò fàyè gba àìbìkítà.

Àṣìṣe ínfọ́ìsì oníméjì ni mo yàn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, kásíyà á tẹ Save, kò ní rí nǹkan kan, á tún un tẹ̀. Ínfọ́ìsì méjì á jáde fún ọjà kan, gbèsè oníbàárà á di ìlọ́po méjì, áàpù á sì máa sọ pé páálí tó ṣì wà nílẹ̀ ti jáde ní sítọ́ọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí a fún tún un ṣe kíá: bí wọ́n bá ti tẹ Save lẹ́ẹ̀kan, bọ́tìnnì náà á kú, kò ní ṣeé tẹ̀ mọ́. Ó dára lójú. Àmọ́ bí kásíyà bá tún ojú ewé náà ṣí, tàbí tí ohun tó fi ránṣẹ́ bá gba ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé lẹ́ẹ̀mejì, méjì náà ni yóò ṣì jáde.

Ọmọ tí mò ń sọ yìí ṣe ti bọ́tìnnì náà, kò sì dúró síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí fọ́ọ̀mù ínfọ́ìsì tuntun ni server ń fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò sí irú ẹ̀ níbòmíì, ibi ìpamọ́ dátà kò sì ní gba nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì láéláé. Bí èkejì bá dé, ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ ni server yóò gbé padà fún kásíyà, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tún pè mí lórí fóònù: "Àwọn tó ti di méjì sẹ́yìn ńkọ́ mà? Ó rọrùn fún mi láti pa wọ́n rẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí oníbàárà. Mo fẹ́ bá akáúńtáǹtì yín sọ̀rọ̀ ná." Akáúńtáǹtì ní wọn kì í pa ìwé owó rẹ́, credit note ni wọ́n ń kọ láti fi yí i padà. Bó ṣe ṣe é nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti rí ẹni tí mò ń wá.

Ọmọ náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn. Akáúńtáǹtì wa ti wà níbẹ̀ kí áàpù tó dé, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Mo ń bẹ̀rù bí àwọn méjèèjì yóò ṣe jọ ṣiṣẹ́, torí iṣẹ́ yìí yóò mú kí ọmọdé máa sọ fún àgbà pé ìṣirò rẹ̀ kò bára mu. Lọ́jọ́ kan, ó bá a ní ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí nǹkan kan tí kò yé mi. Gbogbo oníbàárà tí gbèsè rẹ̀ bá ti kọjá ààlà ni áàpù ń dá dúró, àfi ẹyọ kan. Nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n kọ sínú kóòdù ní tààrà. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀?"

Bàbá bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Ilé ìwòsàn ìjọ ni. Owó tiwọn máa ń pẹ́ kó tó wọlé, wọn kì í sì í jẹ gbèsè sá lọ. Ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ló ní a ò gbọdọ̀ dá oògùn wọn dúró, nítorí àwọn aláìsàn."

"Ẹ ṣé sà. Màá kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, màá kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ẹlòmíì ì bá ti yọ ìlà yẹn kúrò, torí ó jọ àṣìṣe, ilé ìwòsàn kan ì bá sì ti wà láìní oògùn ní òpin oṣù kan. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń wá a kiri, tó ń rántí òfin kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ọ̀pọ̀ ohun tí áàpù ilé-iṣẹ́ ń ṣe ní ilẹ̀ wa, kò sí nínú ìwé kankan, ẹnu àwọn àgbà ló wà. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn kí wọ́n tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, kò ní gbọ́ ọ. Mo ti wá kà á mọ́ ohun tí mò ń wò.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà ńlẹ̀, ó sì ká mi lára púpọ̀. Oníbàárà wa kan ń jẹ́ Ọláṣubọ̀mí. Lórí ínfọ́ìsì, "?lá?ub??mí" ló ń jáde. Ẹ wo irú ìyẹn, ká máa ta oògùn fún èèyàn n'Íbàdàn, ká má lè kọ orúkọ rẹ̀! Ìdí ni pé latin1 ni wọ́n fi ṣètò ibi ìpamọ́ dátà, èdè àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Ó mọ á àti í, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Ti ọ̀ tó di àmì ìbéèrè méjì jẹ́ nítorí pé Unicode, àkójọ lẹ́tà tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò, kò fún un ní àmì kan ṣoṣo: ọ wà lọ́tọ̀, àmì ohùn wà lọ́tọ̀.

Gbogbo àwọn tí mo bi léèrè ló mọ̀ pé ká yí i sí utf8mb4, tó gba gbogbo lẹ́tà Unicode, tó sì ti jẹ́ ohun tí MySQL fúnra rẹ̀ ń yàn láti ẹ̀yà 8.0 lọ́dún 2018. Ọmọ yìí nìkan ló sọ ohun tó kù. Ó ní èèyàn kan lè tẹ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, kí ẹlòmíì tẹ o kó sì fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, kọ̀ǹpútà á kà wọ́n sí orúkọ méjì, oníbàárà kan á wá ní àkáǹtì méjì. Nítorí náà, kí áàpù máa sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan náà kó tó pa á mọ́, kí kásíyà tó bá sì tẹ "Olasubomi" lásán rí Ọláṣubọ̀mí. Ó tún sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé èyí tó ti di àmì ìbéèrè kò ní padà mọ́, kò sí idán tí òun lè pa. Inú fáìlì bébà la ti lọ tún orúkọ àwọn èèyàn kọ.

Ìtúnṣe fúnra rẹ̀ kò ní ariwo. Ọmọ náà ń kọ tuntun díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́. Ó gbé nginx, ètò kan tó ń darí ohun tí wọ́n bá tẹ̀, síwájú áàpù méjèèjì, nginx ló ń pinnu èyí tó máa dáhùn. Ojú ewé ìròyìn ọjà ló kọ́kọ́ kó sórí tuntun, torí kíkà kì í ba nǹkan jẹ́; sítọ́ọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn oníbàárà. Martin Fowler, tó máa ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ kóòdù, kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí lọ́dún 2004, ó fi wé igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tó rí ní Ọsirélíà, tó máa ń hù lórí igi míì, tí yóò máa na gbòǹgbò sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba ipò rẹ̀. Nígbà tó kan ínfọ́ìsì, ó jẹ́ kí àtijọ́ àti tuntun máa ṣírò owó kan náà, kí wọ́n sì máa fi wéra lálaalẹ́. Kọ́bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń yàtọ̀. Àtijọ́ ń pa owó mọ́ ní float, tí kò lè di nọ́ńbà bíi 0.1 mú géérégé. DECIMAL, tó ń di í mú bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ni tuntun ń lò. Ọ̀gá wa fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí ṣáájú kíka ọjà ìparí ọdún. Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú sà, rárá." Mo ti sọ fún ọ̀gá ṣáájú pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí à ń sanwó fún.

Owó náà kì í ṣe kékeré. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023 ni àwọn tó dáńtọ́ ti ń gba dọ́là láti òkè òkun láìjáde nínú yàrá wọn. A ò lè bá wọn dù ú. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ la bá a ṣe àdéhùn fún, a sì gba ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà fún gbogbo ọ̀sẹ̀. Òun ló ń kọ púpọ̀ nínú kóòdù, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò tó sì ń bi í ní ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún. Andela, ilé-iṣẹ́ tó ń wá developer fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun, tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2014, bẹ̀rẹ̀ nípa kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Lọ́dún 2019 wọ́n dá nǹkan bí 400 nínú àwọn tó kéré nínú iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, torí àgbà oníṣẹ́ ni àwọn oníbàárà wọn ń béèrè. Bí gbogbo wa bá ń wá àgbà tí ẹnikẹ́ni kò gba ọmọdé, ibo ni àgbà ọ̀la yóò ti jáde?

Ohun kan tí mi ò ní fò ni ìwé àdéhùn. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹni tó kọ kóòdù ló ni ín bí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ yín, àyàfi tí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Tiwa sọ ọ́ kedere. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni orúkọ wẹ́ẹ̀bù, server àti GitHub, níbi tí a ń tọ́jú kóòdù sí, wà, káàdì ilé-iṣẹ́ ló sì ń sanwó wọn.

Ní báyìí à ń wá ẹlòmíì, fún apá orí fóònù tí àwọn tó ń gbé ọjà lọ sí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí yóò máa lò. Mo ti mọ iṣẹ́ tí màá fún àwọn tó bá kù sẹ́yìn. Awakọ̀ kan gba owó páálí mẹ́wàá sílẹ̀ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kásíyà sì ti ta mẹ́fà nínú páálí mẹ́wàá yẹn n'Íbàdàn kí fóònù awakọ̀ tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Màá sanwó iṣẹ́ náà, màá sì fún wọn ní nọ́ńbà Bàbá.